Ìbò Kan Tí Kò Dé Inú Àpótí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù mi mọ, kó wá jókòó sí kíláàsì mi lọ́sẹ̀ tí a bá ń ṣe àtúnyẹ̀wò fún ìdánwò ìjọba. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Pell Creek nípa bí ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń rìn, kò sì sí ọdún kan tí ọmọ kan kì í dìde sọ fún mi pé ààrẹ ló ń ṣòfin. Àwọn òbí wọn náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tiwọn. Mo ti gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá la bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, nítorí oṣù kejìlá ni ìdánwò. Mo pín pátákó sí mẹ́ta: àwọn tó ń ṣòfin, àwọn tó ń mú un ṣẹ, àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lè dá èkejì lọ́wọ́ kọ́. A fà á títí, a bọ́ síbi tí mò ń lọ. Ààrẹ lè kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá òfin. Tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin bá pa ohùn pọ̀, wọ́n lè sọ ọ́ di òfin lójú ààrẹ. Àwọn adájọ́ sì lè wọ́gi lé gbogbo rẹ̀.

"Wọn ò fọkàn tán ara wọn nìyẹn," ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marlee Stutz sọ láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an nìyẹn," mo ní. "Wọ́n mọ èèyàn."

"Ṣùgbọ́n Tíṣà, ká sòótọ́, ìbò ẹnì kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ ṣe? Mo pé ọdún méjìdínlógún lóṣù tó kọjá, màmá mi ò jẹ́ kí n sinmi, àfi kí n dìbò lọ́la. Àwa mélòó la wà ní Amẹ́ríkà yìí?"

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Mo ní ìdáhùn kan tí mo máa ń fún wọn, tí mo ti sọ tó bẹ́ẹ̀ tí Merle ọkọ mi fi lè sọ ọ́ lójú oorun.

"Fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ ná," mo ní. "Wo Pell Creek. A ò tó ẹgbẹ̀rún tó ń dìbò. Àwọn tó wà ní Washington ò mọ̀ pé o wà láyé. Àmọ́ ẹni tó máa sọ bóyá ọkọ̀ ambúláǹsì máa wà nílùú yìí lọ́dún tó ń bọ̀, ìbò mẹ́ta mẹ́rin lè gbé e wọlé, ó sì lè tì í síta."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti dìbò?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí mo ti fi tèmi ránṣẹ́ nínú àpòòwé," mo dá a lóhùn, mo sì gbé àyà síwájú díẹ̀. Ká má purọ́, ọdọọdún ni mo máa ń gbé e síwájú.

Ọ̀rọ̀ ambúláǹsì yẹn kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fà ló ń bá méyọ̀, ìyẹn olórí ìlú, ṣàkóso ìlú wa. Ọ̀kan nínú wọn kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Florida, àga rẹ̀ ṣófo. Nínú márùn-ún tó kù, mẹ́ta fẹ́ kí a ta ọkọ̀ ambúláǹsì wa, kí a máa pe ti Harmon tó wà ní máìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí wa. Àwọn méjì ní àwọn ò gbà. Òfin tiwa sì ni pé àbá tí kò bá rí ohùn mẹ́rin nínú mẹ́fà, òkú ni. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó bá jókòó sí àga kẹfà ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn méjì ló jáde fún àga náà. Virgil Strouse, tó ń ta ìṣó, okùn àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní ìkóríta, wà lára àwọn ọmọ tí mo kọ́kọ́ kọ́. Ó ní ọkọ̀ náà ti gbó, àwọn tó ń fi ara wọn sílẹ̀ láti wà á ti ń dàgbà, kò sì sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ gba ipò wọn. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Virgil kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ó kàn jẹ́ irú ẹni tó máa ń ro ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹlòmíì á ti rò ó tán, tí á ti lọ sùn.

Ẹnì kejì ni Darla Kinzer, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ilé ìwé wa, tó féèlì lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó yege. Lọ́dún tó kọjá, ìyá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ ní kíṣìnì, apá kan ara rẹ̀ kú. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ambúláǹsì fi dé. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ yẹn kan náà ló wá gbé Merle tèmi nígbà tí àrùn ọkàn dá a wólẹ̀ nínú gáréèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà náà ni. Láti Harmon, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni, ìyẹn tí yìnyín ò bá sí lójú ọ̀nà.

Ẹ ò ní bi mí mọ́ pé ta ni mo fẹ́ kó wọlé.

Wọ́n ka ìbò lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Darla ní irínwó ó lé mẹ́tàlá. Virgil ní irínwó ó lé mẹ́tàlá. Wọ́n tún un kà, kò yí padà. Lọ́jọ́ kejì, inú mi dùn dé ibi tí mo fi ń rẹ́rìn-ín níwájú kíláàsì. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sójú pátákó gàdàgbà, mo sì wo Marlee.

"Ó dáa, mo ti gbọ́," Marlee ní. "Mo dìbò o. Tí n ò bá lọ ni, ẹni tí mo dìbò fún ti já wálẹ̀ nìyẹn."

"Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ," mo ní.

Òfin wa sọ pé tí ìbò bá dọ́gba, nǹkan bíi jíju ẹyọ owó sókè ni kí wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ní ìparí oṣù, a lọ sí Harmon, sí yàrá kan ní ọ́fíìsì ètò ìdìbò, tó ń gbóòórùn kọfí tó ti jóná. Darla wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní nínú ojú méjèèjì owó náà, èyí tí ẹyẹ wà lòun mú. Obìnrin kan ju owó náà sókè, ó jẹ́ kó balẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ẹyẹ ló wà lókè: Virgil ló wọlé. Virgil na ọwọ́ sí Darla, ó ní, "Ó dùn mí pé báyìí ló ṣe rí." Darla bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kò sí wàhálà, ó sì jáde lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó gbé síwájú ilé náà.

Lówurọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé, Merle ń dá iná sínú sítóòfù tí a ń fi igi dá. Lásìkò ìbò, àpótí lẹ́tà wa máa ń kún fún ìwé àwọn olóṣèlú, gbogbo wọn ló sì máa ń kọ "Ó JẸ́ KÁNJÚKÁNJÚ" sára àpòòwé bíi pé ìjọba ló kọ ọ́, kí èèyàn lè ṣí i. Èmi fúnra mi ni mo pàṣẹ nílé wa pé ohunkóhun tó bá ti dárúkọ ìbò, inú agbọ̀n ìwé tí a fi ń dá iná ni kó gbà lọ. Mo ń po kọfí lọ́wọ́ nígbà tí Merle pè mí.

"Lorna, èyí kì í ṣe ti àwọn oníjìbìtì yẹn o."

Lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní àpòòwé ìbò mi ti dé, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn ò sì lè ṣí i. Ó ní kí n wá fọwọ́ sí i, ó pẹ́ tán ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìdìbò. Ọjọ́ kẹrin yẹn ti lọ tipẹ́.

Mo rántí. Orí tábìlì tí ìwé ìdánwò kún ni mo ti dìbò náà. Mo kun ibi tó yẹ kí n kùn, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo kọ àdírẹ́sì mi, mo sì padà sórí máàkì. Merle ló gbé tiwa méjèèjì lọ jù sínú àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Èmi fọwọ́ sí tèmi," Merle sọ, ó sì rí ojú mi, ó tètè gbé ẹnu rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó wá ní, "Ta ló máa mọ̀? Àpòòwé náà ṣì wà ní lílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Jù ú síná, ká jẹun."

Ìlẹ̀kùn sítóòfù ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Mo fẹ́ jù ú. Mi ò ní fi pa mọ́: mo nawọ́ sí i. Lẹ́yìn náà mo ká a, mo fi sínú àpò aṣọ mi, mo ní ẹyin ti ń tutù.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni lẹ́tà yẹn fi bá mi rìn. Tí mo bá kọ́ wọn ní òfin ìpilẹ̀, mo ń kọ́ wọn dáadáa. Tí mo bá dé orí ẹ̀tọ́ láti dìbò, mo ń fò ó. Ìtìjú ń bò mí bí ẹni tó wọ aṣọ òdì jáde. Darla ń kọjá níwájú fèrèsé kíláàsì mi pẹ̀lú bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní aago mẹ́ta lójoojúmọ́, ó ń juwọ́ sí mi, èmi náà ń juwọ́ padà.

Lọ́jọ́ Sátidé kejì, mo fi wàràkàṣì yan pòtétò sínú àwo ńlá, èyí tí a máa ń gbé lọ fún àwọn tí nǹkan bá ṣe, mo sì gbé e lọ sílé Darla. Ìyá rẹ̀ ń sùn nínú àga níwájú tẹlifíṣọ̀n. Darla gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí sítóòfù.

"Tíṣà, ẹ ṣé o. Àmọ́ ẹ gbé oúnjẹ wá bíi pé òkú sùn nílé yìí. Kò tíì sẹ́ni tó kú."

"Darla, jókòó."

"Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni?"

Mo yọ lẹ́tà náà, mo fún un. Ó kà á lórí ìdúró. Ó tún un kà. Ó wá jókòó.

"Ta lẹ dìbò fún?"

"Ìwọ."

"Ẹ lè fi hàn?"

"Mi ò lè fi hàn. Kò sẹ́ni tó máa ṣí i láéláé."

Ó ká lẹ́tà náà, ó gbé e sórí tábìlì. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń hanrun. Nígbà tí Darla fọhùn, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Mo kan ìlẹ̀kùn ọ̀ọ́dúnrún ilé," ó ní. "Ajá gé mi jẹ ní òpópónà Mill. Ẹ mọ ilé tí mi ò kàn? Tiyín. Mo ní, kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún Tíṣà? Òun ló kọ́ mi."

"Mo mọ̀. Má bínú sí mi. Tàbí kó o bínú, ó tọ́ sí mi."

"Mo ń bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná."

Mo jẹ́ kó bínú. Ó dìde, ó da omi sí àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ dìde máa lọ, ó ní kí n dúró.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dìbò lórí ambúláǹsì," ó ní, ó kẹ̀yìn sí mi. "Wọ́n máa ń fún ará ìlú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ti lọ rí?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn sí ìbéèrè kẹrìnlá nínú ìdánwò tí mo máa ń fún àwọn ọmọ. Mi ò tíì fi ẹsẹ̀ mi tẹ yàrá ìgbìmọ̀ ìlú yìí rí.

"Mi ò lọ rí," mo ní.

"Ẹ máa lọ. Ẹ máa sọ èyí níwájú wọn. Kì í ṣe fún mi o, tèmi ti tán. Fún ìyẹn tó ń sùn níbẹ̀ yẹn. Àti fún Ọ̀gá Merle."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, yìnyín ń já. Bí ogún èèyàn ló wà nínú yàrá náà, àwọn tó ń wa ambúláǹsì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì wọn, Marlee sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú màmá rẹ̀, ó ń wá máàkì àfikún tí mo ṣèlérí fún ẹni tó bá lọ wo ìpàdé ìjọba kan. Mo ti gbàgbé pé mo ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Virgil jókòó ní ìkángun, orúkọ rẹ̀ wà lórí bébà níwájú rẹ̀ nítorí wọn ò tíì ṣe ti onígi fún un.

Akọ̀wé pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ń gbé.

"Lorna Ottinger," mo ní. "Ilé kejìlá, òpópónà Mill." Mo di orí àga iwájú mi mú. Èmi tí mo ti dúró níwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sí ẹranko tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Púpọ̀ nínú yín ló ti jókòó ní kíláàsì mi. Mo sọ fún gbogbo yín pé ìbò kan lè yí nǹkan padà. Lọ́dún yìí mo fi ìbò tèmi ránṣẹ́, mi ò fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé kí n wá tún un ṣe, mo jù ú sínú agbọ̀n, mi ò kà á. Ìbò náà wà ní Harmon báyìí, kò sẹ́ni tó kà á. Darla Kinzer ni mo fi í yàn, nítorí pé ọkọ̀ yẹn ló gba ẹ̀mí ọkọ mi là. Mi ò ní ẹ̀rí kankan ju ẹnu mi lọ. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dìde lórí àga. Òfin ni òfin. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ìlú yìí wí kí ẹ tó dìbò."

Mo ṣì ní ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu mi. Mo padà lọ jókòó. Mi ò lè wo ibi tí Marlee wà. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó ní, "Tíṣà féèlì o." Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ lórí àbá pé kí a ta ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Ó wá ku ẹni tó dé gbẹ̀yìn.

"Strouse?"

Virgil ń wo ìwé iwájú rẹ̀. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wo mí, ó wo Darla tó dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

"Strouse, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá?"

"Mi ò dá sí i," Virgil ní.

"O ò dá sí i báwo?"

"Èrò mi lórí ọkọ̀ yẹn ò yí padà. Ó ti gbó. Àmọ́ Tíṣà ò purọ́ fún mi rí, kódà nígbà tí irọ́ ì bá ti tù mí lára. Mi ò dá sí i. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Méyọ̀ ń ka ìka rẹ̀. Èmi ti kà á tán kí ó tó dé orí èkejì: ohùn mẹ́ta kì í ṣe mẹ́rin. Ọkọ̀ náà dúró. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wà á bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú fìlà. Darla ò pariwo, ó kàn fi ẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí iṣẹ́ ọjọ́ kan ti rẹ̀.

Níta, mo ń gbọn yìnyín kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀ wa nígbà tí Virgil jáde. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tí mo máa sọ. Ó gbé ọwọ́ sókè kí n má sọ ọ́.

"Ọdún méjì ni mo fẹ́ lò lórí àga yẹn," ó ní. "Tó bá tún di ìbò, Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i. Kódà tó bá jẹ́ èmi lẹ fẹ́ fi lé dànù."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ran mí lọ́wọ́ láti gbọn ìyókù yìnyín náà, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.